Lékèélékèé Tó Dorí Kodò

Ife náà kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àsmá'ù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ó funfun bí ẹyin. Ẹni tó ṣe é fi búrọ́ọ̀ṣì ya lékèélékèé méje sí i lára ní àwọ̀ aró, ìlà ìyẹ́ wọn ò sì nípọn ju irun orí lọ. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: gbogbo àwọn ẹyẹ náà ló dorí kodò.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ń tòògbé nígbà tó ń yà á ni," Hamidat, amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀, wí. "Ife tí ò tiẹ̀ létí! Ìyá Àsmá'ù, èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí ọ."

Gbogbo obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò Dada bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àsmá'ù bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn. Láti ọdún tó kọjá, tí Yumiko, amọ̀kòkò ará Jàpáànù, ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, ló ti ń fọ́nnu pé ọ̀rẹ́ òun á fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Yumiko sọ fún wọn pé ogójì ọdún ni bàbá òun fi ya àwòrán sára ife, pé ìlà tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti fà sórí amọ̀ gbígbẹ, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ṣé ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣi ẹyẹ yà? Àbí Yumiko ò ka òun sí ni?

"Ẹ tún wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí," Hamidat ò tíì ṣe tán. "Bóyá Ọjà-Ọba tiwọn ló ti rà á!"

"Bí mo bá fi hàn ọ́ pé kò bàjẹ́ ńkọ́?" Ìyá Àsmá'ù bi í.

"Wàláhì, ọjọ́ méje gbáko ni màá fi bá ọ fẹsẹ̀ po amọ̀, tèmi ti orúnkún tó ń ro mí yìí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àsmá'ù fọ ife náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí pákó kó lè gbẹ, ó sì jókòó ti iṣẹ́. Ó dojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, ó wọ́n eérú sí i lára, ó tẹ́ amọ̀ tútù lé e lórí, ó sì ń gbá a pẹ́pẹ́. Ìdí lókè, ẹnu nísàlẹ̀: bí ìkòkò Dada ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láti ayé ìyá ìyá wọn.

Ó gbójú sókè. Ìkòkò dojú délẹ̀, ife náà dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lékèélékèé méjèèje sì ń fò lọ sójú ọ̀run.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àní ibi tí Yumiko máa ń jókòó sí gan-an nìyí, tí yóò máa rẹ́rìn-ín pé ìdí ìkòkò tiyín ló ń kọjú sókè o, ẹnu tiwa ló ń kọjú sókè!

Ó nu ọwọ́, ó sì fi ìka kan bébà tó wà nídìí ife. Nǹkan kan gún ìka rẹ̀ lábẹ́ bébà náà. Ó fi omi rin ín, ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà mẹ́ta, òmíràn dábùú wọn. Àmì tirẹ̀! Àmì tó máa ń fà sídìí gbogbo ìkòkò rẹ̀, kó lè dá tirẹ̀ mọ̀ nínú eérú, nítorí iná kan náà ni gbogbo wọn fi ń sun ìkòkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àmì kékeré kan wà tí kò mọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe Yumiko?

"Hamidat o! Hamidat! Ká ìró rẹ sókè kí o máa bọ̀!"

Hamidat wo ìdí ife náà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́. "Subuhanalái! Ó kọ orúkọ rẹ sí i!" Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó sì kó sínú amọ̀, ó ń fẹsẹ̀ pò ó, ó ń kọrin bí ìyàwó tuntun.

Ìyá Àsmá'ù bu tíì gbígbóná sínú ife, ó jókòó síwájú Hamidat bí ẹmíà tó wà lórí ìtẹ́. Nígbà tó dojú ife náà kodò sẹ́nu láti mu ẹ̀kán ìkẹyìn, Hamidat nàka láti inú amọ̀.

"Ìyá Àsmá'ù, má gbé e sílẹ̀ o! Àwọn ẹyẹ náà ti dìde! Gbogbo wọn ló ti dìde!"