Mọ́tò Mùrí Tó Ń Gbọ̀n

Irin kì í purọ́ fún mi. Ọdún mẹ́fà ni èmi Abọ́dúnrìn fi ṣiṣẹ́ irin ní rélùwéè kí n tó padà sídìí ẹwìrì bàbá mi ní Ìwó. Mọ́tò mẹ́ta péré ló wà nílùú nígbà náà, nítorí náà nígbà tí Mùrí dírẹ́bà gbé ọ̀kan wá síwájú àgbẹ̀dẹ mi ní Ọjọ́rú kan, inú mi dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé lóṣù kan tó ti ń gbọ̀n," ló wí. "Ìyá Ẹfúnróyè tó ni ín sọ pé bí kò bá dáwọ́ dúró kó tó di Jímọ̀, àwọn á gbà á lọ́wọ́ mi, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Mo ní kí Mùrí ṣáná sí i lójú kan, kò gbọ̀n. A gbé e lọ sórí òkè kan lọ́nà Olúpọ̀nnà, mo ní kó pa ẹ́ńjìnì, kó jẹ́ kó máa yí sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí eré rẹ̀ ṣe ń le sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ́ńjìnì bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn. A gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kò yàtọ̀.

"Kí lẹ ṣe sí mọ́tò yìí lóṣù tó kọjá?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Àdúrà nìkan ni Baba mi ṣe sí i."

Mo wọ abẹ́ mọ́tò. Ara ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn ni mo ti bá àdúrà náà: tírà mẹ́ta tí wọ́n fi awọ rán, wọ́n tóbi tó ìkúùkù, wọ́n sì fi wáyà dì wọ́n pinpin mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ìyá mi a máa rànwú. Bí òwú bá ti pọ̀ sí apá kan, kẹ̀kẹ́ ìrànwú ò ní lè yí dáadáa mọ́.

"Tírà yìí ló ń mì ín. Tú u."

Mùrí kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Mi ò lè tú u, ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò ló pa Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n mi. Baba fúnra wọn ló so ó."

Inú bí mi. Mo mọ ohun tó ń ṣe irin, ṣùgbọ́n mi ò mọ oògùn ìbẹ̀rù. Mo ránṣẹ́ pe Àlùfáà Rájí, bàbá wọn, ẹni tí kì í wọ mọ́tò mọ́ láti ọjọ́ tí Yẹ̀kínì ti kú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ń retí èébú. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n bọ́ agbádá wọn, wọ́n wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n sì tú wáyà náà fúnra wọn.

"Tírà kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ọmọ mi ò ní lọ láìsí i."

Wọ́n kó tírà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ àyà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n jókòó sáàárín èmi àti Mùrí. A forí lé ọ̀nà Kuta. Mùrí sáré títí fìlà mi fi fò lọ. Mọ́tò ò gbọ̀n rárá. Orúnkún Baba nìkan ló ń gbọ̀n, Mùrí sì fi ọwọ́ kan dì í mú títí a fi dé Kuta.