Itan Eku Ńlá Nílé Òòṣà

Nígbà tí Moubarak sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zem, tó gbé àpò egungun òyà tó gbà lọ́wọ́ ọdẹ ní Lagbé wọlé, orí tábìlì rẹ̀ ti ṣófo. Ìró ọlọ ń dún lẹ́yìnkùlé. Ó sáré lọ síbẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀, Àbẹ̀bí, jókòó ti ọlọ nínú aṣọ funfun. Ohun funfun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ń lọ̀?"

"Ẹfun Òòṣà ni, ọkọ mi. O ṣeun tó o rà á wá. Àmọ́ ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ. Ó le bí orí bàbá rẹ."

Moubarak jókòó gbì sínú iyẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe ẹfun. Ẹ̀dà egungun itan eku ńlá kan tó ti parun láyé àtijọ́ ni. Plâtre, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó dá, ni wọ́n fi rọ ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló yá a. Eyín eku náà tóbi débi pé àwọn kan ní eku ọ̀hún yóò wúwo tó màlúù. Ṣùgbọ́n eyín kì í gbé ara, ẹsẹ̀ ní ń gbé e: bí àárín egungun itan bá ṣe nípọn tó ni ẹrù tó lè rù ṣe pọ̀ tó. Ìwọ̀n àyíká àárín yẹn nìkan ló kù kí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ parí. Ó ti fi àárín sílẹ̀ kó lè kọ́kọ́ fi ti òyà dánra wò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní sì ni òpin. Ó ti tọrọ ọjọ́ kún ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ìyẹ̀fun náà jọ, bí ẹni tó lè mọ ọ́n padà.

"Egungun eku ayé àtijọ́ ni, ìyá àgbà. Ọdún mẹ́rin mi lẹ lọ̀ yẹn," ó wí.

"Ìwọ tó ń gbé egungun sórí tábìlì, ṣé kò sí àkìtàn ni? Ó tiẹ̀ tutù nígbà tí mo mú un. Òwú ni mo fi so ó kọ́ sóòrùn láàárọ̀."

Moubarak gbórí sókè. "Ibo lara rẹ̀ lẹ so?"

"Àárín ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé kò ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni? Mo sì so ó pinpin."

"Òwú náà ńkọ́? Ẹ tú u ni, àbí ẹ gé e?"

Ìyá àgbà gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Èwo ni kí n máa tú òwú? Mo là á sí méjì, òwú bá yọ níbi tó ti dá. Mo ti fi kọ́ etí ìkòkò Òòṣà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá."

"Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Lọ wò ó níbi tó wà. Má sì wọ ṣòkòtò dúdú yẹn débẹ̀."

Ó ró ìró funfun ìyá àgbà rẹ̀ mọ́dìí, ó kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò. Kókó òwú náà ṣì wà bí wọ́n ṣe ta á. Ó tẹ́ ẹ lé rúlà ní ìṣẹ́po méjì: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Mẹ́wàá yíká, bẹ́ẹ̀ ti màlúù ń lọ bíi mẹ́rìnlá.

Ẹsẹ̀ yìí kò lè gbé màlúù láéláé.

Aago márùn-ún ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Níbẹ̀, lórí eékún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwọ̀n náà sínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Kò tíì mọ ohun tí yóò sọ fún olùkọ́ rẹ̀ nípa egungun.

Ìyá àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Eku ọ̀hún, ṣé ẹran rẹ̀ dùn?"