Àpótí Ìbò Ẹnu Ọ̀nà Ọnọ́rébù

Bàbá Oyèdélé ṣì ń ṣàlàyé ohun tí wọn yóò sọ ní Òṣogbo nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì fèrèsé wọlé. Ó ba obìnrin kan léjìká. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, wọ́n ti ta ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìjọ tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ní ìpá, àwọn ọmọkùnrin tó fi aṣọ bojú sì ya wọlé pẹ̀lú pákó àti àdá.

Wọn kò sọ̀rọ̀. Ohun tó ba Motọ́láyọ̀ lẹ́rù jù nìyẹn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ènìyàn bí ẹni ń lu ẹ̀wà gbígbẹ kúrò nínú èèpo. Àga ń dojú dé, àwọn àgbà obìnrin ń rá wọ abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ bo orí, àdá sì là á ní àtẹ́lẹwọ́. Motọ́láyọ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wá ọ̀nà dé iwájú, níbi tí Bàbá Oyèdélé dúró sí, tó na ọwọ́ méjèèjì síta bíi tíṣà tó fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́. Tíṣà ni lóòótọ́, kó tó fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú ọmọ Inísà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà.

Èyí tó wọ jẹ́sì búlúù ló kọ́kọ́ lù ú. Apá bàbá náà ṣẹ́, gbogbo ilé sì gbọ́ bó ṣe dún. Bí ọmọkùnrin náà ti ń gbé pákó sókè lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ ojú rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ sí ọrùn. Àbúrò Motọ́láyọ̀ ni, Ayọ̀ọlá, ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó pe orúkọ rẹ̀.

Ayọ̀ọlá yíjú. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ bojú padà, ó sì la pákó náà mọ́ bàbá arúgbó náà lórí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò ti máa dìbò ló fa gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àdúgbò wọn ti ń dìbò. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè tí ààlà wọ́ọ̀dù fi yí padà, tí àpótí ìbò wọn sì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọnọ́rébù, ní ìkangun ìlú lójú ọ̀nà Òkukù. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá fi ìwé ìdìbò rẹ̀ han àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù kó tó jù ú sínú àpótí, kò ní fẹsẹ̀ rere délé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá Dúpẹ́olúwa, ọkọ Motọ́láyọ̀, lẹ́nu tí eyín iwájú rẹ̀ fi dà nù. Ìyẹn ló sún Motọ́láyọ̀, tó ń ta páàtì ọ̀kadà rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó fi tẹ̀ lé Bàbá Oyèdélé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, títí àwọn tó ń rí sí ètò ìdìbò fi ní kí wọ́n wá rojọ́ wọn ní Òṣogbo. Ọ̀la ni wọ́n dá fún wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé bàbá náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun, orí rẹ̀ wà lórí itan Motọ́láyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rin ìró rẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Felicia, ìyàwó bàbá náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè bóyá ó dá ẹnìkankan mọ̀ nínú wọn. Motọ́láyọ̀ ní aṣọ ni wọ́n fi bojú. Ó sọ ọ́ tán, ẹnu rẹ̀ korò bí ewúro.

Kò dúró. Ó wọ ọkọ̀ Òkukù, ó lọ sílé ìyá wọn. Ó bá Ayọ̀ọlá lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ jẹ́sì náà nínú abọ́. Ìyá wọn jókòó tì í.

"O gbọ́ nígbà tí mo pè ọ́," ni Motọ́láyọ̀ wí.

Ayọ̀ọlá kò gbójú sókè. "Mo gbọ́, Àǹtí."

"O sì tún lù wọ́n."

"Tí mi ò bá lù wọ́n, àwọn yòókù á mọ̀ pé mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní jáde láàyè."

Motọ́láyọ̀ gbá a létí. Kó tó mọ̀, àbúrò rẹ̀ ti fún un lọ́rùn mọ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń rùn fún ọṣẹ. Kò pariwo. Ó ní Ọnọ́rébù tó rán àwọn níṣẹ́ kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Ó ní kí Motọ́láyọ̀ má dé Òṣogbo. Ojú Motọ́láyọ̀ ti ń ṣú kí ìyá wọn tó gbé ọmọ odó, tó sì fi lu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́yìn títí ó fi tú u sílẹ̀, tó sì fo ọgbà lọ.

Ìyá wọn ju ọmọ odó sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. "Òun nìkan ni mo bí lọ́kùnrin," ló wí. "Bó o bá dárúkọ rẹ̀, èmi lo pa."

Motọ́láyọ̀ sáré gbé e dìde, nítorí ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ó lọ wọ ọkọ̀ Inísà.

Èéfín ló kọ́kọ́ rí nígbà tó padà dé Inísà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń jó. Táyà àti ọ́ìlì ti gbaná, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Dúpẹ́olúwa dúró lójú títì pẹ̀lú korobá òfìfo, iná ti jó irun ojú rẹ̀. Ó ní àwọn tó sun ún sọ fún òun pé ìyàwó òun rí ojú ẹnìkan. Ó bi í bóyá òótọ́ ni. Motọ́láyọ̀ sọ ẹni tó rí fún un. Dúpẹ́olúwa gbé korobá náà kalẹ̀.

"Jẹ́ kó tán síbẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Eyín mi ti tó wọn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù dún láti Ìkìrun. Bàbá Oyèdélé ti kú.

Felicia nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn nígbà tí Motọ́láyọ̀ dé. Ó sọ fún un pé àwọn tó ń tẹ̀ lé ọkọ òun ti wá béèrè ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lọ́la, òun sì ti ní òun ni. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi òun pé ta ló pa ọkọ òun, òun kò sì ní èsì.

Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀. "Mọ́mì, mo rí ojú ẹni tó lù wọ́n. Ayọ̀ọlá ni, ọmọ ìyá mi."

Felicia wò ó. "Ayọ̀ọlá tó máa ń wá jẹun nílé wa?"

"Òun ni, mà."

Obìnrin náà pa ojú rẹ̀ dé. Kò sunkún. Nígbà tó là á, ó bi í bóyá ó lè sọ ọ́ báyìí níwájú ọlọ́pàá. Motọ́láyọ̀ ní òun yóò sọ ọ́.

"Ní Òṣogbo ńkọ́?"

"Màá sọ ọ́ níbẹ̀ náà, mà. Màá sọ ẹni tó fún un ní pákó, àti nítorí kí ni."

Felicia di ògiri mú, ó dìde. Ó na ọwọ́ sí Motọ́láyọ̀. Òun náà dìde, ó fi èjìká rẹ̀ gbé e ró, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.