A Kò Rí I, A Ṣírò Rẹ̀ Ni

Rímútù gbé àgbọ̀n lé ògiri òrùlé tẹ́ḿpìlì, ó di ojú òsì, ó sì fi ojú ọ̀tún wo ojú ihò kékeré tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ sára bíríkì náà kí wọ́n tó bí Rímútù. Ibẹ̀ ni Ìràwọ̀ Méje, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣù jọ, máa ń gbà yọ. Oòrùn a máa yẹ̀ sọ́tùn-ún, a máa yẹ̀ sósì bí ọdún bá ti ń lọ. Òṣùpá kò tilẹ̀ ní ojúlé kan pàtó. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí Olúwa kàn mọ́ ojú ọ̀run kì í ṣi ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ sinmi, bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ náà ni yóò gbà padà ní ìdájí. Bàbá Rímútù rí i bẹ́ẹ̀. Rímútù náà rí i bẹ́ẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Ní ìdájí yìí, kò sí nǹkan kan lójú ihò náà. Eruku aṣálẹ̀ ti dìde láti àná, ó ti bo gbogbo ìlà-oòrùn Bábílónì pátápátá, ilẹ̀ sì ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó gẹ́ẹ́," ni Béléṣúnù wí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún tẹ́ḿpìlì, Béléṣúnù kò sì fi oúnjẹ àárọ̀ ṣeré. "Òní ni wọ́n ń padà. Ẹ̀yin lẹ ṣírò rẹ̀, ìṣirò yín kì í sì í tàsé. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé a rí wọn, ká lọ jẹun."

"Ìwọ rí wọn?"

"Ikùn mi rí wọn."

Rímútù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú wàláà amọ̀ tútù lọ́wọ́, ó fi gègé esùsú tẹ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ máa ń tẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá dí: *Eruku. A kò rí i. A ṣírò rẹ̀ ni.*

"Ẹni tí kò bá rí, kó má sọ pé òun rí," ó wí. "Bí a bá pa irọ́ mọ́ ojú ọ̀run, ta ni yóò gbà wá gbọ́ lórí ilẹ̀?"

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí Ìyá Lábáṣì o."

Orúkọ náà gún Rímútù lọ́kàn bí ẹ̀gún. Lábáṣì nìkan lọmọ tó bí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó di ẹrù irun àgùntàn lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Kó tó lọ, ó gun orí òrùlé yìí, ó ti ìka bọ ihò ara ògiri bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, ó ní, "Bàbá, kí Ìràwọ̀ Méje tó gba ibí padà, mo ti dé."

Ìràwọ̀ Méje padà. Wọ́n tún lọ, wọ́n tún padà. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Rímútù, ó ní ìjì yanrìn ló bo àwọn mọ́lẹ̀, pé nígbà tó rọlẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Lábáṣì nìkan làwọn rí.

"Ṣé ẹ rí òkú rẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí aṣálẹ̀ ṣe rí. Àwa mọ̀ pé ó ti lọ."

"Ẹ kò mọ̀. Ẹ ṣírò ni."

Báyìí ni Rímútù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó láyà láti ṣí i mọ́.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó délé, ó bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ní ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta nìyí tí kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dúró lójú ọ̀nà yẹn tí àyà rẹ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n Sílàyà ló wà nínú àgbàlá, bàbá Búsásà tí í ṣe ìyàwó Lábáṣì. Láti ìlú Bọ́sípà ló ti wá.

"Àna mi, ojú yín pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ṣé ìràwọ̀ ló ń fún yín lọ́tí mu ni?"

"Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹ ti jẹun?"

"Ọmọ mi ti fún mi ní èso dàbínù, ó fún mi lọ́tí bálì. Oúnjẹ kọ́ ni mo wá jẹ. Ẹ mọ ohun tí mo bá wá."

Rímútù mọ̀ ọ́n. Búsásà wà ní ìkúnlẹ̀ nídìí ọlọ, ó ń lọ bálì, kò gbójú sókè. Kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ tí ọkọ fi lọ. Láti ìgbà náà, kì í ṣe opó, kì í ṣe ìyàwó.

"Ọmọlúàbí kan wà ní Bọ́sípà," ni Sílàyà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ń béèrè Búsásà, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ aya ẹni tó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu yín, pé ọkọ rẹ̀ kú."

"N kò rí i pé ó kú."

"Ta ló máa rí i? Yanrìn?" Sílàyà dìde. "Ọmọ yín kì í ṣe ìràwọ̀ tó lójúlé, àna mi. Àgùntàn tó ṣáko ni."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará Bábílónì ń pe ìràwọ̀ márùn-ún tí kì í dúró sójú kan, tí ń rìn gbéregbère láàárín àwọn yòókù. Àwọn yòókù ni agbo tó mọ ilé.

"Èyí tó ń ṣáko pàápàá ń padà," ni Rímútù fi kíkan dáhùn. "Láti èwe mi ni mo ti ń ṣọ́ wọn. N kò rí ọ̀kan rí tó lọ tí kò padà!"

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ojú ọ̀run ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọ̀ níbẹ̀ yóò yọ. Ó ti gbé orí sókè pẹ́ débi pé ó gbàgbé pé ilẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀.

Sílàyà wò ó, ìbínú rẹ̀ sì rọ̀. "Ọ̀la ni mò ń padà," ó wí jẹ́ẹ́, ó sì lọ jókòó ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òjìji.

Ọlọ ń dún.

"Bàbá," ni Búsásà pè. "Ṣé Ìràwọ̀ Méje yọ lónìí?"

"Eruku bò wọ́n."

"Kí lẹ wá kọ?"

"Pé a kò rí i. Pé a ṣírò rẹ̀ ni."

"Ṣé irọ́ nìyẹn?"

"Irọ́ kẹ̀? Òtítọ́ ẹni tí eruku bò lójú nìyẹn."

"Bí ẹ ò bá wá kọ nǹkan kan rárá ńkọ́? Bí ẹ bá ní ẹ ó dúró títí ẹ ó fi rí i?"

"A kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ọmọ mi. Oṣù yóò dàrú. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Búsásà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ìyẹ̀fun jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbá nǹkan tó dà nù jọ.

Ọjọ́ tí òṣùpá ń sá pamọ́ ni ọjọ́ náà. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ilé gbogbo ní Bábílónì ń bu omi fún òkú rẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé Rímútù, ihò kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ ṣe bí ọ̀fun. Ibẹ̀ ni Kásáyà ìyàwó rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ sí, tí yóò máa pe àwọn òkú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì da ife omi kan sílẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Òkú tí wọn kò bá pe orúkọ rẹ̀, òùngbẹ ni yóò máa gbẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, bí Kásáyà bá pe orúkọ ìkẹyìn tán, yóò wo ojú ọkọ rẹ̀. Rímútù a sì máa wo òkè àjà.

Àwọn àgbà ní "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ. Rímútù ti rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni. Nísinsìnyí tó kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, ó rò ó bí òùngbẹ ọdún mẹ́ta ti rí.

Kásáyà pe bàbá Rímútù, ó da omi. Ó pe ìyá rẹ̀, ó da omi. Ó pe àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

Nígbà náà ni Rímútù rí ife tó gbẹ̀yìn, ife kékeré tí etí rẹ̀ ti kán, èyí tí Lábáṣì fi ń mu omi láti ìgbà tó ti kéré. Eruku bo gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà, àfi ife yẹn. Ó mọ́ tónítóní.

"Ìgbà wo lo fọ èyí?"

"Oṣooṣù ni mo ń fọ̀ ọ́, Bàbá Lábáṣì," ni Kásáyà wí. "Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Rímútù mú ife náà. Omi ti wà nínú rẹ̀.

"Lábáṣì," ó pè. "Lábáṣì, ọmọ Rímútù." Ohùn tó fi ń ka wàláà nínú tẹ́ḿpìlì ló fi sọ ìyókù, ohùn ẹni tí kò gbọ́dọ̀ purọ́. "A kò rí i. A ṣírò rẹ̀ ni."

Ó da omi náà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Búsásà ké, ẹkún tí kò tíì ní àyè àtisun láti ọjọ́ yìí wá.

Rímútù tẹ orí ba, ó fi etí lélẹ̀. Omi náà ń lọ nísàlẹ̀, gbùn-ún, gbùn-ún, bí ọ̀fun ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ pẹ́. Ó dúró kó dákẹ́. Ó gbé ife òfìfo náà sókè láìwo ẹnikẹ́ni, Kásáyà sì tún bu omi sí i.