Ògiri Tó Ń Fẹ́ Ẹni Gíga

Òkè orí àwọn èèyàn ni ojú wa ti pàdé. Gbogbo ìlú Gorna Byalitsa ló kún àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, kálukú pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń ti ara wọn lọ síbi ìkòkò ńlá tí wọ́n fi se àgùntàn tí àlùfáà ti súre sí, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ apá tuntun kún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ariwo, èéfín, òórùn ata gbígbẹ àti ewé míǹtì. Mo gbójú sókè. Fìlà àti gèlè ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, lókè gbogbo fìlà àti gèlè yẹn, mo rí ojú méjì tó ń wò mí, aláwọ̀ oyin, tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ẹyẹ méjì lórí òrùlé. Ẹni tó ga nìkan ló mọ bó ṣe rí kí èèyàn máa wo àtàrí ẹlòmíràn láti kékeré, kó wá ṣàdédé rí ojú tó bá tirẹ̀ dọ́gba. Ṣíbí ọwọ́ mi bọ́ sínú abọ́ ẹni tó wà níwájú mi.

"Ó ti parí," ni Mitra ọ̀rẹ́ mi wí lábẹ́ apá mi. Kò ga ju ìgúnpá mi lọ. "Òpó iná ti rí òpó iná. Ó ku kí wọ́n ta wáyà sáàárín yín."

Velin ni orúkọ rẹ̀. Yunifásítì kan ní Sofia, olú-ìlú wa, ló rán an wá láti wọn gíga àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ó gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tuntun, ó ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́.

"Ohun tá a rí nínú àwọn ìwé àtijọ́ ni pé àwọn tó ga ló ń lọ sí yunifásítì jù. Kì í ṣe ibí nìkan. A fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ni. Bóyá oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní kékeré ni, bóyá owó ọwọ́ òbí ni, bóyá àwọn olùkọ́ kàn máa ń rò pé ọmọ tó bá ga ti gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Mitra wí, "ṣé torí pé mo kúrú, ọpọlọ mi náà kúrú ni?"

"Rárá o, àbúrò. Àwọn tó kúrú tí wọ́n sì mọ̀wé pọ̀ bí..."

"Bí iyanrìn. Mo ti gbọ́. Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò fún òpó yìí láti kíláàsì kejì. Òun ni olùkọ́ ní kó lọ ṣe ìdánwò Sofia. Èmi, wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn mí."

Velin kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti yọ́ sí i.

Ọ̀pá ìwọ̀n onírin tó gbé wá ti wọ́ nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà òkè wa, okùn funfun ló wá ń lò. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fẹ̀yìn ti ògiri. Ó tẹ orí okùn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gìgísẹ̀ mi, ó nà án gba ẹ̀yìn mi lọ sókè títí dé àtàrí. Ọwọ́ rẹ̀ kan irun mi. Mo dijú. Ó so kókó síbi tí gíga mi dé, ó gé e, ó so orúkọ mi mọ́ ọn.

Nígbà tí mo lajú, àgbàlá ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Ará Sofia ni Velin, kò mọ̀. Ní ìlú tiwa, a kì í fi okùn wọn ọmọ èèyàn lẹ́bàá ògiri tí kò tíì gbẹ. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà mi, ó fọ́ yángá. Bàbá Rangel nìkan, bíríkìlà tó kọ́ ògiri náà, ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá àgbà Stamena ló tọ́ mi. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yunifásítì ti dé pé wọ́n ti gbà mí, àyà rẹ̀ ló wà, lábẹ́ aṣọ, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Lálẹ́ ọjọ́ àsè náà, mo tún bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Bí mi ò bá mú lẹ́tà yẹn dé Sofia, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíì."

"Kí wọ́n fún un. Kí ẹlòmíì lọ kú."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú?"

Ó jókòó sórí àpótí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dárúkọ Kostadin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi.

"Orí rẹ̀ máa ń kan àtẹ́rígbà ilé yìí. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí Sofia gbà láti ìlú yìí. Wọ́n ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nígbà náà. Wọ́n á mọ ògiri lọ́sàn-án, á wó kílẹ̀ tó mọ́. Kostadin dúró nínú oòrùn níbẹ̀, ó ń kàwé. Bíríkìlà kan yọ́ wá sẹ́yìn rẹ̀, ó fi okùn wọn òjìji rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé okùn náà sábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀. Ògiri dúró. Ogójì ọjọ́ ò pé tí Kostadin fi yọ́ bí àbẹ́là. Ó ń kúrú, Neda! Káfíńtà ti kan pósí tó bá gíga rẹ̀ mu sílẹ̀. Nígbà tá a tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó dà bí ọmọdé tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Láti ìgbà náà ni ògiri yẹn ti mọ adùn ẹni gíga. Àwọn tó kúrú ń kàwé jáde níbẹ̀, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń lọ sí kíṣìnì, kò wojú wọn. Àwọn tó ga ló ń tọ́ wò, kó tó tì wọ́n sójú ọ̀nà Sofia. Ta lo rí nínú wọn tó padà wá gbé ibí? Ọmọkùnrin rẹ ń béèrè ìdí. Kó wá bi mí."

"Kì í ṣe ọmọkùnrin mi."

"O jẹ́ kó fọwọ́ pa ọ́ lórí níwájú àlùfáà. Ọmọkùnrin rẹ ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ gba okùn rẹ wá. Tí mo bá fojú mi rí i, màá fún ọ ní lẹ́tà. Tí mi ò bá rí i, abẹ́ ojú mi lo máa wà. Ẹni tí okùn rẹ̀ bá wà nínú ògiri, tó bá wá lọ jìnnà sí i, ṣe ló máa tètè gbẹ."

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, mo sáré lọ bá Velin. Ó rẹ́rìn-ín, ó da àwọn okùn sórí tábìlì. Ti Mitra wà níbẹ̀, ti gbogbo ẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀. Tèmi ò sí. Lẹ́yìn tábìlì, wọ́n ti rẹ́ ògiri tuntun, ó tutù, ó ń dán.

"Ó máa ti já bọ́ síbì kan ni," ni Velin wí. "Wá síbí, jẹ́ n tún ọ wọ̀n."

Mo rìn lọ bá a. Oòrùn wà lẹ́yìn wa. Òjìji rẹ̀ yí bó ṣe ń yí. Tèmi dúró lára ògiri níbi tí mo ti kúrò, ó gùn, ó gbórí sókè, bí ẹni pé ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ mí bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ajá tí wọ́n pè kúrò nídìí oúnjẹ.

Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú Velin. Ó wọ̀n mí. Ó tún mi wọ̀n. Ìbú ìka kan ti dín nínú gíga mi.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ." Bàbá Rangel ni, pẹ̀lú irin tó fi ń rẹ́ ògiri.

"Bàbá Rangel, ẹ̀yin lẹ mú okùn mi."

"Èmi ni. Má bínú, ọmọ mi. Ògiri tí kò bá ní ẹnìkankan nínú, orí àwọn ọmọdé ló máa wó lé. Mo wá rò ó pé, ṣebí ìwọ lò ń lọ. Kí lo tún fẹ́ fi òjìji ṣe níbí?"

"Ẹ yọ ọ́ jáde!" ni Velin kígbe.

"Mo lè yọ ọ́. Àmọ́ kì í ṣe òfìfo ni màá fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ga tó o nìkan ló máa gbà." Bàbá náà wo Velin láti ẹsẹ̀ dé orí, bí ẹni tó ń wo pákó lọ́jà. "Ẹni tó ga tó o ò sì pọ̀ níbí."

"Velin," ni mo wí, "lọ wọ bọ́ọ̀sì rẹ. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ gbẹ. "Okùn lásán ni, Neda. Èmi ti kàwé mi tán. Iṣẹ́ tí gíga mi fẹ́ ṣe fún mi, ó ti ṣe é."

"Ìwọ náà fojú rẹ rí òjìji mi."

"Mo rí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ ṣe é."

Ó wọn ara rẹ̀. Mo di apá òkè okùn mú fún un nínú irun rẹ̀. Bàbá Rangel gbẹ́ ojú ògiri, ó fa okùn mi yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí ohun tó ti abíyá èèyàn jáde. Bàbá náà ti okùn Velin bọ ibẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ńtì dí i. Mo gbọ́ ìró kan nínú ògiri náà, bí ẹni tó gbé omi mì.

Mo sin Velin dé ibùdókọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró. Ó ní òun gbàgbé báàgì òun. Báàgì wà léjìká rẹ̀. Ó yí padà, ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo ń pè é, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú, ara tù ú bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá ní, "Ẹ káàsán, olùkọ́." Ta ló sọ fún wọn pé olùkọ́ ni?

"Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ni màá wọ̀," ni ó wí fún mi jẹ́jẹ́. Èyí tó ń bọ̀ dé, ó kọjá lọ. Mo fi ẹnu ko ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo ní láti tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí n tó kàn án.

Ìyá àgbà na okùn náà mọ́ mi lára láti gìgísẹ̀ dé àtàrí. Ìka tó dín ti padà, okùn náà bá mi mu gẹ́lẹ́. Ó jù ú sínú iná sítóòfù, ó dúró títí ó fi jó tán.

"Ta ló rọ́pò rẹ?"

Mo sọ fún un.

"Ó mọ ohun tó ń ṣe?"

"Ó mọ̀, Ìyá àgbà. Mi ò lọ mọ́. Màá dúró tì í."

"Tí o bá dúró, àwọn méjì ni ògiri máa rí jẹ." Ó fà mí mọ́ra, orí rẹ̀ kan àyà mi, ó ń sunkún. Ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, ó fa lẹ́tà náà jáde, òógùn ti mú un rọ̀ bí aṣọ. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ká àwọn ìka mi lé e lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan.