Igun Kẹrin

Ẹ̀yin èèyàn mi tó ń kàwé yìí, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó dá wa sí tí a tún fi pàdé lójú ewé. Ẹ bá mi jókòó díẹ̀.

"Màmá, ẹ bá wa ṣí i. Àwa ò fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Hermann ló sọ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Pobè ní bésíbọ́ọ̀lù. Bonaventure, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sakété, jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó fi fìlà lé orúnkún. Victorine ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni ń wo èrò ojú títì. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí Crépin ọkọ rẹ̀ ti dágbére fáyé. Wọ́n ní kó jẹun, ó jẹ. Wọ́n ní kó sùn, ó dùbúlẹ̀. Omijé kan kò tíì bọ́ lójú rẹ̀.

Káyè náà, ìwé tí Crépin fi ń kọ eré sílẹ̀, wà lórí tábìlì, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e dé láti pápá.

Crépin ló máa ń kọ nọ́ńbà orin sára pátákó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, àlejò kan mú eré yìí wá sí Pobè. Ó kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á sáré yí igun mẹ́ta ká, kí wọ́n tó padà sí igun kẹrin tí wọ́n ń pè ní ilé. Crépin ní tirẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Eléré kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré lójú ewé. Bó bá dé igun kan, Crépin á fa ìlà kan. Bó bá délé, ìlà mẹ́rin á pàdé. Ẹni tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn kó tó délé, àgbélébùú kékeré ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ a sì pariwo pé, "O ti kú!" Láti ọjọ́ mọ́kànlélógún, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nítòsí Victorine.

"Ẹni tó wo eré, ẹ̀ẹ̀kan ló rí i," ni Crépin máa ń wí. "Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ni yóò rí i." Bí Victorine bá ń yan gàrí lọ́sàn-án, Crépin á gbé àga sẹ́bàá ààrò, á ṣí eré ọdún márùn-ún sẹ́yìn, á máa kà á bí ẹni ń ka Sáàmù. "Wò ó, Jocelyne rèé! Ó gbá a wọnú oko àgbàdo, ajá gbé bọ́ọ̀lù sá lọ!" Victorine á rẹ́rìn-ín títí gàrí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Ní Sátidé tí Crépin lọ náà, àmì mẹ́fà-mẹ́fà ni Pobè àti Sakété ní. Merveille, ọmọ Crépin, ń sáré bọ̀ láti igun kẹta. Bó bá délé, Pobè gba kọ́ọ̀pù. Ìgbà yẹn gan-an ni Crépin ṣubú láti orí àga. Gbogbo ojú yí sí i, títí kan ti adájọ́ eré.

"Mo délé," ni Merveille wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti sọ fún wọn."

"Ọmọ tiwa ní òun fi bọ́ọ̀lù kàn ọ́ léjìká," ni Bonaventure dáhùn.

"Ọmọ yín yẹn? Bó bá ní òjò rọ̀, màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ ná."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Hermann. Ó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ lòun wà, ó wúkọ́.

"Màmá," ni Bonaventure wí, "ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Merveille kọ àgbélébùú fún ọmọ ara rẹ̀, tí ará Pobè fi bú u. Ohunkóhun tó bá kọ, Sakété gbà á."

Victorine tú ọ̀rá náà, ó ṣí káyè. Nínú àpótí Merveille, ìlà mẹ́ta ló wà. Ìkẹrin kò sí. Kéréyọ̀n tí Crépin fi ń kọ̀wé ti fa ìlà gígùn kan wálẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé.

"Kò parí ẹ̀," ni Hermann wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ jókòó tì í, Màmá, tí ẹ ń bá a di agboòrùn mú," ni Bonaventure wí. "Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́. A ó gbà."

"Ẹ rántí pé ìlà kan péré ló kù o," ni Hermann fi kún un. "Kọ́ọ̀pù náà á sì di ìrántí bàbá."

Victorine mú kéréyọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bi í pé, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó di àyà mú? Ó máa ń ní òun ò mọ̀, wọ́n sì rò pé ìbànújẹ́ ló pa á rẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Bó bá kọ ohun tó rí, gbogbo ayé á mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà.

Ó kọ àgbélébùú kékeré sínú àpótí náà.

"Màmá!"

"Mo rí i." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kan ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù kàn ọ́ léjìká. Ohun tí mò ń wò nìyẹn. Mi ò wo bàbá rẹ."

Alùpùpù zẹ́mìjàn kan pariwo kọjá lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Merveille rìn wá, ó jókòó sílẹ̀ nídìí ìyá rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ewé náà.

"Ó kàn mí," ló wí níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà ò wò wọ́n, Màmá. Bàbá gan-an, pápá ni wọ́n ń wò."

Victorine fi ìka tẹ̀ lé ìlà gígùn tó fà wálẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Omijé kò wá. Ó ṣí ewé tuntun.

"Mẹ́fà-mẹ́fà ṣì ni," ó wí fún àwọn àlejò rẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ parí ẹ̀?"

"Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ bá yọ̀ǹda, Màmá."

"Ẹ gbé àga síbi ìbòji fún mi. Èmi ni màá máa kọ eré. Méjì ni kí ẹ gbé, tèmi àti ti Bàbá Merveille."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ìhín, ní ọjọ́ tí ojú yín bá wà níbòmíràn, kí Olúwa bá yín wo ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ìlà tí ẹ bá fà kù, kí ó rí ẹni rere parí rẹ̀. Àmín.