Páálí Flọ́pì Tí A Kò Tú

Simeon ò lè sọ pé òun ò rí i. Ó rí i. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló fi rí páálí flọ́pì náà, díìsìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, lórí tábìlì níwájú Mama Matilda, tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀, tí èékánná kankan ò tíì kàn án. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Lọ́dún 1988 ni, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì dà nínú rẹ̀ dòní.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní títì Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, èèyàn méjì ló sì ń du ú. Èkíní ni Ernest, tó ń to ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ Ìjẹ̀bú, òkú wa kì í wọlẹ̀ láìní ìwé aláwòrán. Àwòrán wọ̀nyẹn ló ń jẹ àyè inú ẹ̀rọ bí ikán ṣe ń jẹ òrùlé. Ẹnì kejì ni Mama Matilda Adébùsọ́lá, ọmọ Ayépé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi pàṣán kọ́ Simeon ní ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé gbà á láàyè kó máa wá tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Iṣẹ́ wo? Ìyá tó bí i, Ìyá Àgbà Mọ́ṣádé, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọpọlọ rẹ̀ sì pé ṣáṣá. Òun nìkan ló kù ní agbolé wọn tó lè ka àwọn bàbá ńlá wọn dé orí ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, tó mọ oríkì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ àti oko tí wọ́n dá lọ́nà Ìbẹfún. Ọdún méjì ni Mama Matilda fi jókòó tì í, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ́sàsáìsì, tó sì ń wá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún náà, Ìyá Àgbà sùn, kò jí mọ́. Mama Matilda sunkún tán, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá òun ò gbé nǹkan kan lọ. Ó kó àwọn ìwé ẹ́sàsáìsì náà fún Tàíbátù ẹlẹ́pà pé kó máa fi wé ọjà, nítorí eku ni wọ́n ń pè wálé. Kí ló tún fẹ́ fi wọ́n ṣe nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà?

Wàyí o, díìsìkì ńlá inú kọ̀ǹpútà náà gba ogójì mẹ́gábáìtì, ṣùgbọ́n dọ́ọ̀sì àtijọ́, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ fi ń jí láàárọ̀ tó sì fi ń mọ ibi tó kó ẹrù sí, kò lè rí ju méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Mẹ́jọ tó kù wà níbẹ̀ lásán, bí ilẹ̀ tẹ́nìkan ò ro. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Mama Matilda tẹ ojú ewé mẹ́ta nípa ikú ìyá rẹ̀ kún un, ẹ̀rọ ní kò sáyè. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Simeon, àwọn òkú Ernest ti lé àwọn òkú tèmi jáde."

"Mama, ẹ má bínú," ni Ernest wí. "Àwọn tèmi ní ọjọ́ ìsìnkú. Tiyín ti sùn tipẹ́."

Simeon pẹ̀tù sí wọn nínú. Ó ní dọ́ọ̀sì tuntun ti dé láti Èkó, èyí tó lè pín díìsìkì kan sí yàrá méjì, kí olúkúlùkù tilẹ̀kùn tirẹ̀. Ó ní òun á fi mẹ́jọ tó wà lásán ṣe yàrá fún Mama, wọn ò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ti tẹ́lẹ̀. Ká sọ tòótọ́, mẹ́jọ yẹn pọ̀ jù fún un. Gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì rẹ̀ ò ju flọ́pì mẹ́ta lọ.

"Mẹ́jọ," ni Mama Matilda wí. "Ernest méjìlélọ́gbọ̀n, èmi mẹ́jọ. Ọmọ àlè ni mí nínú ilé yìí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe di ọ̀rọ̀ ogún. Ní ilẹ̀ wa, ìdí-igi la fi ń pín ogún: iye ìyàwó tí bàbá ní ni iye ọ̀nà tí a ó pín in sí, bí ìyàwó kan bí mẹ́wàá, tí èkejì bí ẹyọ kan. Mama ní ìdí-igi méjì ló wà níbẹ̀, ogún mẹ́gábáìtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n pín in. Simeon tó mọṣẹ́, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò mọ ìyàálé yàtọ̀ sí ìyàwó, ní kò burú, Mà. Ta ni yóò fún tíṣà rẹ̀ ní mẹ́jọ nínú ogójì?

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè pín in dọ́gba, àfi kó wó ti àtijọ́ palẹ̀, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ó ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì. Ó fún olúkúlùkù ní páálí flọ́pì kan, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń da iṣẹ́ sórí rẹ̀ han Mama lẹ́ẹ̀kan. Mama mi orí. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ fún ogójì ọdún kì í fẹ́ kí ọmọ tún ẹ̀kọ́ kọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di Sátidé tí Simeon dá fún àwọn méjèèjì, Ernest kó flọ́pì tirẹ̀ dé, ó ju ọgbọ̀n lọ, torí ó lọ ra kún un.

"Mama, ṣé ẹ ti da tiyín?" ni Simeon bi í.

"Mo ti dà á."

Páálí nìyẹn níwájú rẹ̀, tí wọn ò tú. Simeon wò ó, Mama náà rí i pé ó wò ó. Simeon sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Mama ra òmíràn. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀. Ṣé kó wá ní kí tíṣà mú un wá kí òun wò ó, lójú Ernest? Nílé tí wọ́n ti tọ́ Simeon, ẹni tó bá ní kí àgbà fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn ti pe àgbà ní òpùrọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bi í bóyá ó dá a lójú pé kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ tí kò níyàá, tí kò ní bàbá, ló rántí béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Simeon tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mama Matilda dé, ó ṣí yàrá tirẹ̀, ó bá a lófìfo.

"Ẹ fún mi ní àwọn flọ́pì yín, Mà, kí n dà wọ́n padà," ni Simeon wí.

Mama ní, "Mo rò pé o máa kàn sún wọn sápá kan ni."

Simeon sáré lọ bá Tàíbátù. Tàíbátù ní ìwé ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ra ẹ̀pà tó wà nínú rẹ̀ jẹ. Simeon tú díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan l'Ékòó. Ìyẹn bi í bóyá wọ́n ti da nǹkan míì sí i, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ernest ti da ìwọ̀n òkú tí yàrá rẹ̀ gbà padà. Ọkùnrin náà ní tuntun ti bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, ó dá a padà fún un.

Nígbà tó padà wá jíṣẹ́, Mama Matilda ní kó jókòó.

"O rí páálí yẹn lọ́jọ́ Sátidé."

"Mo rí i, Mà."

"O mọ̀ pé mi ò tíì tú u."

"Mo mọ̀, Mà."

"Kí ló wá pa ẹ́ lẹ́nu mọ́?"

"Tíṣà mi ni yín, Mà."

"Èmi ni mo purọ́, Simeon. Ojú ló tì mí pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò ní di ẹ̀bi tèmi rù ẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá bá mi létí kànga, tí ẹsẹ̀ mi ti ń yọ̀, ṣé ńṣe lo máa dọ̀bálẹ̀ kí mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Simeon ju pàṣán kíláàsì kẹta lọ, nítorí ìyẹn ti san.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Mama Matilda padà wá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ bó ṣe máa ń jókòó. Ó tẹ Mọ́ṣádé. Ó tẹ orúkọ bàbá Mọ́ṣádé. Ó ronú, ó tẹ bàbá ìyẹn. Ó tẹ ẹ̀kẹrin, ó pa á, ó tún un tẹ̀. Ó wá yíjú sí Simeon.

"Ìwọ náà máa ń kà á lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. Ta ló bí èyí?"

Simeon ò mọ̀ ọ́n. Nínú ogún mẹ́gábáìtì tó pín fún Mama, orúkọ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ dòní.